Oúnjẹ àti Èèwọ̀ Ọmọ Ológìnní: Ìtọ́jú Ológìnní Kékeré ní Èjìgbò àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ ológìnní. Bí dókítà ẹran bá wà láàárín wa, ó lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ti òǹkọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ìdáhùn mi kò gùn. Ohun tí àwùjọ kan mọ̀ nípa ẹranko, inú òwe, àlọ́, oríkì àti èèwọ̀ ni ó máa ń kó o pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá sì fi kíka òwe ṣe iṣẹ́ òòjọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìmọ̀ inú òwe jinlẹ̀ dé, kí ó sì lè sọ ibi tí ó ti ń fẹ́ àfikún.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Èdè wa mọ ológìnní gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a ń tọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé ọmọ ológìnní wálé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni a ti ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ tiwa ni a sì fi ń bọ́ ọ. Ohun méjèèjì yìí ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà nínú àṣà wa fúnra rẹ̀. Ọ̀nà náà ni ìmọ̀ èèwọ̀, tí ó ti kọ́ wa tipẹ́ pé ohun tí ó ń mú ẹnìkan lára le lè jẹ́ ìparun fún ẹlòmíràn.

1. Ohun tí Òwe Sọ àti Ohun tí Kò Sọ

Ológìnní, ológbò, músù: orúkọ tí a ń pe ẹran yìí láti ibì kan sí ibòmíràn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi rán an kò yàtọ̀. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ jù ni èyí tí ó sọ pé bí ológìnní bá kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Aṣọ́lé ni ológìnní nínú òwe yìí. A gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. A kò gbọ́ ohun tí ó jẹ kí ó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ ẹni tí ó fún un. Bí a bá tún yíjú sí ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá kọ ìwé pàtàkì lé lórí ní ọdún 1966, a ó rí i pé erin, ẹfọ̀n, ẹkùn àti àwọn ẹran igbó mìíràn ni ọdẹ fi ohùn dídùn kì. Ológìnní tí ó ń sùn lẹ́bàá ààrò kì í ṣe ẹran tí ọdẹ ń pàdé nínú igbó.

Nínú àdúrà, a máa ń sọ pé ẹ̀yìn ológìnní kì í balẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ológìnní bá já bọ́ láti òkè àjà, yóò yí ara rẹ̀ padà lófuurufú, yóò sì fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ológìnní ni àdúrà náà ń bá wí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lẹ́yìn tí a bí i ni ọmọ ológìnní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lè yí ara rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 9 kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ lè balẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹran yòówù. Ohun tí òwe wò bí ẹ̀bùn àbímọ́ jẹ́ ohun tí ọjọ́ orí ń mú pé.

Èyí gbé wa dé orí òwe kẹta, tí ó ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. A máa ń gbé òwe yìí lé ológìnní lórí láìfura. A gbà pé ọmọ ológìnní kò nílò ẹ̀kọ́, pé pípa eku wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1930, onímọ̀ ará Ṣáínà kan, Zing-Yang Kuo, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó tọ́ àwọn ọmọ ológìnní kan lọ́dọ̀ ìyá tí ó ń pa eku níṣojú wọn. Ó tọ́ àwọn kan ní àdádó. Ó sì tọ́ àwọn kan pọ̀ mọ́ ọmọ eku láti kékeré. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá ni ó di apeku. Àwọn tí ó dá gbé kò pa tó bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn tí wọ́n bá eku dàgbà, díẹ̀ péré ni ó pa eku rárá. Nítorí náà, òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ ológìnní mu jù ni èyí tí a ń pa fún ọmọ ènìyàn: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àwọn kan ní àgbègbè wa gbà pé ebi ni ó ń mú ológìnní ṣọdẹ, pé bí a bá fún un lóúnjẹ, yóò di ọ̀lẹ. Èyí pẹ̀lú kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí R. E. Adamec gbé jáde ní ọdún 1976 fi hàn pé ológìnní tí ó ń jẹun lọ́wọ́ yóò fi oúnjẹ náà sílẹ̀ láti lọ pa eku tí ó bá yọjú, yóò sì padà wá parí oúnjẹ rẹ̀. Ìfẹ́ ọdẹ àti ebi kì í ṣe ohun kan náà. Ní ti ọmọ ológìnní, ebi ń jẹ egungun rẹ̀, ó ń jẹ ojú rẹ̀, ó sì ń dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ló sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Báwo ni ẹ̀kọ́ ọdẹ yóò ṣe wọ inú tí ebi ti kún?

2. Èjìgbò, Iyán àti Èèwọ̀

Kò sí ìlú tí ó yẹ kí a ti sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti èèwọ̀ ju Èjìgbò lọ. Ògìyán ni oyè ọba ìlú yìí, Òrìṣà Ògìyán sì ni òrìṣà tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ lórí orúkọ náà ni pé òrìṣà tí ó ń jẹ iyán ni. Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Brazil, wọ́n gbé òrìṣà yìí dání. Oxaguiã ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, iṣu ṣì wà lára oúnjẹ rẹ̀, ọmọ odó sì wà lára àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Láti Èjìgbò dé Ifẹ̀ Ọ̀dàn, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ọ̀dàn ni ilẹ̀ náà, iṣu, àgbàdo àti pákí ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé a ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.

Ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a tò sílẹ̀ yìí. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó jẹ́ oúnjẹ ológìnní. Ohun tí a tò ni oúnjẹ ọmọ ènìyàn, láti orí èyí tí ó níyì jù dé orí èyí tí a fi ń tan ẹnu. Bí ìyá ilé bá bu òkèlè iyán tàbí ẹ̀bà, tí ó fi omi ọbẹ̀ pa á lójú, tí ó gbé e fún ọmọ ológìnní, inú rere ni ó fi ṣe é. Oúnjẹ tí ó níyì lójú rẹ̀ ni ó fi ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ òrìṣà mọ̀ pé inú rere nìkan kò tó. Emu jẹ́ èèwọ̀ Ọbàtálá, àdín jẹ́ èèwọ̀ Èṣù. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí pé àdín wúlò fún ara ènìyàn, kí a rọ ọ́ lé Èṣù lórí. Ẹni tí a fẹ́ bọ́ ni a kọ́kọ́ ń wádìí ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún ẹran kékeré yìí.

Kí ni ìwádìí náà sọ? Ó sọ pé ajẹran pọ́ńbélé ni ológìnní. Ajá lè fi ẹ̀bà àti ẹran díẹ̀ gbé ìgbésí ayé rẹ̀; ológìnní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà tí a ń pè ní taurine, tí ó wà nínú ẹran, ẹja àti eku. Ara ológìnní kò lè dá a ṣe tó. Ní ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ológìnní tí kò bá rí i jẹ máa ń di afọ́jú díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1987 sì ni a tún fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń mú kí ọkàn ológìnní wú, kí ó sì rẹ̀wẹ̀sì. Bákan náà ni fítámìn A. Epo pupa wa ní èròjà tí ara ọmọ ènìyàn ń sọ di fítámìn A, ṣùgbọ́n ara ológìnní kò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Inú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹyin ni ó ti gbọ́dọ̀ rí i. Ó yẹ kí ó tún dùn mọ́ wa nínú láti gbọ́ pé ní ọdún 2005 a rí i pé ahọ́n ológìnní kò lè tọ́ adùn ṣúgà wò rárá. Ohun tí ó ń fà á lọ sídìí àwo wa ni òórùn ẹran tí ó wà nínú ọbẹ̀.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ológìnní jẹ́ àlejò tí ó ń yan oúnjẹ láàyò, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ológìnní kan tí a sin pọ̀ mọ́ ènìyàn ní erékùṣù Kípírù, ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Ọdún 2004 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Aká ọkà ni ó fa eku wá sí abúlé àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì, eku ni ó fa ológìnní wá. Kò wá nítorí ọkà nígbà náà, kò sì wá nítorí iyán lónìí.

3. Yíyan Ọmọ Ológìnní

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a béèrè ni ọjọ́ orí. Ojú ọmọ ológìnní máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ní ọ̀sẹ̀ 4 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kan oúnjẹ líle, ìgbà yìí gan-an sì ni àwọn kan ń já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n ní ó ti ń jẹun. Kò tíì tó. Kí ó lo ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ó bá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dára jù. Láàárín àkókò yìí ni ó ń mu ọmú tí ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ìgbà yìí kan náà ni ìyá ń gbé eku wálé fún un, tí ó ń kọ́ ọ bí a ti ń mú un. Ẹni tí ó já ọmọ ológìnní gbà ní ọ̀sẹ̀ 4 nítorí kí ó lè tètè wá pa eku ti gba ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 7 ni ọmọ ológìnní ń kọ́ láti fọkàn tán ènìyàn. Ilé tí àwọn ọmọdé ti ń fi pẹ̀lẹ́ gbé e, tí wọ́n ń bá a ṣeré, ni kí a ti lọ gbà á. Èyí tí a bí sẹ́yìn àká, tí kò rí ọwọ́ ènìyàn rí, yóò máa sá kiri, yóò sì máa ya ni lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìlera rẹ̀. Kí ojú rẹ̀ mọ́, kí ó má ní ipin. Kí imú rẹ̀ má máa ṣomi. Kí inú etí rẹ̀ má kún fún ìdọ̀tí dúdú. Kí erìgì rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Kí ìdí rẹ̀ gbẹ. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tí ìhà rẹ̀ sì rù, aràn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí. Ní ọ̀sẹ̀ 8, ó yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 700 sí 1,000. Ní ti àwọ̀, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìwà. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa kan ń bẹ̀rù dúdú, wọ́n ní àjẹ́ ni ó ń rán an níṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí a ju ọ̀pọ̀ ọmọ ológìnní sígbó láìṣẹ̀. Dúdú tàbí funfun, eku kan náà ni wọ́n ń pa.

4. Oúnjẹ Rẹ̀

Ikùn ọmọ ológìnní kéré, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà kíákíá. Bí a bá fi ìwọ̀n ara wé ìwọ̀n ara, oúnjẹ tí ó ń fẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àgbà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni kí a máa bọ́ ọ. Láti ọ̀sẹ̀ 8 títí di oṣù 3, kí ó jẹun ní ìgbà 4 lójúmọ́. Láti oṣù 3 sí 6, ìgbà 3 tó. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ohun tí ó ń jẹ níbi tí a ti gbà á ni kí a ṣì máa fún un. Bí a bá fẹ́ yí i padà, kí a máa po tuntun mọ́ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 7, kí inú rẹ̀ má baà ṣí.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni oúnjẹ ológìnní tí a ń tà nínú àpò tàbí agolo ní àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Òṣogbo. Kí a ka ara rẹ̀ dáadáa: kí ó jẹ́ ti ọmọ ológìnní tí ó ń dàgbà, kí ó sì kọ ọ́ pé oúnjẹ náà pé fúnra rẹ̀ láìní àfikún. Oúnjẹ ajá kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí kò pọn dandan kí a fi taurine sínú ti ajá.

Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé lè san lóṣooṣù. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí ó wà lọ́jà wa tó láti ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n yàn. Ẹja tútù bí sáwá tàbí kótè, tí a sè láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí. Ẹran itan adìẹ. Ọkàn adìẹ àti ìwe. Ẹyin sísè: ìwọ̀nyí ni kí ó pọ̀ jù nínú àwo rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí fítámìn A tí ó bá pọ̀ jù ń ba egungun jẹ́. Ẹran lásán kò ní èròjà tí egungun nílò tó. Kí a se egungun ẹja kéékèèké títí yóò fi rọ̀, kí a sì gún un kúnná mọ́ oúnjẹ náà. Egungun adìẹ tí a ti sè kò dára, ó máa ń ṣán, ó sì lè gún un lọ́fun tàbí nífun. Kí a má da omi tí a fi se ẹran nù: taurine máa ń yọ́ sínú omi náà, nítorí náà kí a bù ú sí oúnjẹ rẹ̀. Kí a sì má fún un ní ẹja tútù láìsè lójoojúmọ́. Ohun kan wà nínú irú àwọn ẹja kan tí ó ń pa fítámìn B1 run, iná ni ó sì ń pa ohun náà.

Bí iyán tàbí ẹ̀kọ bíńtín bá wà nínú rẹ̀, kò ní pa á. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àfikún sí ẹran, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹran ni àfikún. Ẹni tí ó bá ń fi oúnjẹ ilé bọ́ ọ, kí ó máa wá oúnjẹ àpò kún un nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tó o. Kí omi mímọ́ sì wà nílẹ̀ fún un tọ̀sán tòru, ní abọ́ tí ó jìnnà díẹ̀ sí oúnjẹ.

5. Èèwọ̀ Rẹ̀

Èèwọ̀ kìn-ín-ní ni wàrà màlúù àti mílíìkì inú agolo. Àwòrán ológìnní tí ó ń lá mílíìkì ti tàn wá jẹ. Bí ọmọ ológìnní bá ti já ọmú, agbára tí ó fi ń da ṣúgà inú wàrà máa ń dín kù, inú rẹ̀ á sì ṣí. Ìgbẹ́ gbuuru ní ọjọ́ méjì lè pa ọmọ ológìnní tí kò tó kìlógíráàmù 1. Bí ìyá rẹ̀ bá kú kí ó tó já ọmú, mílíìkì tí a ṣe fún ọmọ ológìnní ni kí a wá, kí a sì tètè tọ dókítà ẹran lọ.

Èkejì ni àlùbọ́sà àti aáyù, ní tútù àti ní sísè. Wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológìnní jẹ́. Nítorí èyí, omi ọbẹ̀ wa, tí kò sí àlùbọ́sà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣokoléètì. Ẹ̀kẹrin ni oògùn ènìyàn, pàápàá paracetamol. Ẹ̀dọ̀ ológìnní kò lè tú u palẹ̀, ẹyọ kan péré sì tó láti pa á. Ẹ má ṣe fi ojú pé ara ọmọdé gbà á wò ó.

Ẹ̀karùn-ún ni májèlé eku àti ọ̀tápíápíà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ológìnní ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. A gba ológìnní nítorí eku. Nígbà tí kò tètè pa eku, a ra májèlé. Eku jẹ májèlé, ológìnní jẹ eku, ológìnní kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eku tún dé, kò sì sí aṣọ́lé mọ́. Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀tápíápíà pa eégbọn lára ológìnní. Ó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀, ó sì ń lá májèlé náà mì. Oògùn eégbọn ajá tí ó ní permethrin pẹ̀lú máa ń pa á. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kéékèèké ní ọjà gbangba, nítorí ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí ó ń bá a lọ. Ohun tí ó léwu fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni kì yóò ṣe pa ẹran tí kò wúwo tó ìdajì adìẹ?

Eku fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 1969 tí a ti dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno, a ti mọ̀ pé irú eku kan tí ó ń wọ ilé ni ó ń gbé e kiri, àti pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ lè kó o ran ènìyàn. Ológìnní ń dín eku kù, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ìdérí. Kí a máa dé gaarí, èlùbọ́ àti àgbàdo wa, kí a dí ihò ara ògiri, kí a sì má fi ọwọ́ lásán gbé eku tí ológìnní pa.

6. Ibùsùn, Ìmọ́tótó àti Dókítà Ẹran

Òtútù tètè ń pa ọmọ ológìnní, pàápàá nígbà ọyẹ́. Páálí tí a tẹ́ aṣọ àkísà sí, ní kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá, tó fún un. Fún ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ó wà nínú yàrá kan ṣoṣo títí yóò fi mọ òórùn ilé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Fún ìgbẹ́ rẹ̀, kí a bu yanrìn gbígbẹ sínú abọ́ ike fífẹ̀, kí a gbé e jìnnà sí oúnjẹ. Ìwà ẹ̀dá rẹ̀ ni láti bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ kọ́ ọ. Kí a máa kó o lójoojúmọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí a ń pè ní Toxoplasma, tí ó máa ń bá ìgbẹ́ ológìnní jáde, tí ó sì léwu fún oyún inú. Ó máa ń gba ọjọ́ 1 sí 5 kí ó tó lè ran ènìyàn, ìdí nìyí tí kíkó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì. Kí aláboyún má ṣe iṣẹ́ yìí. Kí gbogbo wa sì máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò pọn dandan kí a lé ológìnní kúrò nílé nítorí oyún.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ológìnní ni ó ń mu aràn mọ́ ọmú. Kí dókítà ẹran fún un ní oògùn aràn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a sì máa ń tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù. A máa ń rò pé ti ajá nìkan ni. Ológìnní lè ní in, ó sì lè fi eyín kó o ran ènìyàn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni ó ti lè gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí ológìnní bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà yè é.

Èyí tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Abo ológìnní lè lóyún ní oṣù 4 tàbí 5, oyún náà sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa wá ilé tí yóò fún ní ọmọ ológìnní lọ́dọọdún, kí ó jẹ́ kí dókítà ẹran tẹ akọ rẹ̀ lọ́dàá, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo rẹ̀, kí ó tó pé oṣù 6.

7. Ilé tí Onílé Wà Lájò

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ ti Èjìgbò ju ti ìlú mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí ni ó ti ń gbé ní Abidjan àti àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò láìyà á lẹ́nu. Wọ́n ń kọ́ ilé sílé, wọ́n sì ń wálé nígbà ọdún. Bí ilé bá dá páropáro, eku á wọ̀ ọ́. Nígbà tí onílé bá dé, yóò wá ọmọ ológìnní sínú ilé náà. Nígbà tí ọdún bá parí, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì padà lọ. Òwe wa sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ológìnní bá kúrò nílé. Kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ológìnní olóṣù mẹ́ta bí onílé bá kúrò nílé. Ebi ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà májèlé àdúgbò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò padà sí Abidjan láàárín oṣù kan, kí ó má gba ọmọ ológìnní, àfi bí ó bá ní aláàbò kan tí yóò máa fi owó oúnjẹ àti ti abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọmọ tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé òwe wa lórí ológìnní kò parọ́, ṣùgbọ́n àgbà ológìnní ni wọ́n ń wò, lójú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní àǹfààní. Ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni a rí nínú èèwọ̀: kí a béèrè ohun tí ẹni tí a fẹ́ bọ́ ń jẹ kí a tó gbé oúnjẹ fún un. Ìlú tí ó mọ̀ pé iyán ni ti Ògìyán kò gbọ́dọ̀ ṣòro fún láti mọ̀ pé ẹja àti ẹran ni ti ológìnní.

Mo fi àbá kan sílẹ̀. Ìlú Èjìgbò ni ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Kí àwọn onímọ̀ ẹran níbẹ̀ àti àwa onímọ̀ èdè jókòó pọ̀, kí a kọ ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá lórí oúnjẹ, èèwọ̀ àti abẹ́rẹ́ ọmọ ológìnní, tí a lè pín ní ọjà, ní ilé-ìwé àti ní ilé ìjọsìn láti Èjìgbò dé Máṣífá. Ojú ìwé mẹ́rin tó. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, mo ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.